Ṣé onílé lè gbẹ́ sọ́kàwéè tuntun fúnra rẹ̀ l'Ékòó láìsọ fún ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ ní 1979. Ìdílé mẹ́rin la wà níbẹ̀, a sì tó ogún èèyàn. Sọ́kàwéè wa ti ń dà wá láàmú láti bí ọdún méjì. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á wá fà á, kò sì ní pẹ́ tí á tún kún. Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ti wá, ó sì fún mi ní ìwé pé kí n tún un ṣe. Bíríkìlà tó wá wò ó ní òun á gbẹ́ tuntun tó jìn dáadáa sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Kànga aládùúgbò wa kò jìnnà sí òdìkejì fẹ́ǹsì náà. Ọmọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà ní níbi tí òun ń gbé, onílé lè ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé dandan ni kí n gba àṣẹ kí n tó gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà ara mi? Ọ̀dọ̀ ta sì ni màá lọ?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ béèrè gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ìjọba mọ̀ sí i kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà yín ni, tó sì jẹ́ pé owó yín ni. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ má ṣe é. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ti pàṣẹ pé kí ẹ ṣe é. Ohun tí ìwé náà kò fọwọ́ sí ni ibi tí bíríkìlà fẹ́ gbẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ṣọ́bìrì má kàn.

Ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ lórí kí ni máa ń rú àwọn onílé lójú, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀ ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, omi ìgbẹ́ àti ìdalẹ̀nù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ló mú kó jẹ́ pé wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló wọ ọgbà yín, tó sì kọ ìwé fún yín. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé owó ìtanràn. Ohun tó bàjẹ́ àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti tún un ṣe ló wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn kò gbúròó yín ni ọ̀rọ̀ máa ń di ti kóòtù. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín pé onílé tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí ọjọ́ tó pé, tó ní "ibi tí mo bá a dé rèé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn," ṣọ̀wọ́n ni kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù.

Ilé kíkọ́ ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí èyí múlẹ̀ ní 2003 nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀. Àjọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ LASPPPA ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé. Àjọ ìpínlẹ̀ kejì, LASBCA, ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, wọ́n sì lè dá iṣẹ́ dúró. Pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí máa ń fi ibi tí táńkì àti sọ́kàwéè wà hàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe lójú ibi tó wà, ọ̀rọ̀ náà kò le púpọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, tàbí tí ẹ sọ ọ́ di ńlá, ẹ ti yí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí padà nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 2010 tó wà fún ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí nìkan, LSWMO ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló ń bójú tó ibi tí ìgbẹ́ àwọn ará Èkó ń gbà lọ, títí dórí àwọn ọkọ̀ tó ń fà á.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọ̀nyí dẹ́rù bà yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, níbi tí ìwé yẹn ti wá, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ní kí wolé-wolé wá wo ibi tuntun tí ẹ ń rò kó tó di pé ẹ gbẹ́ ẹ, kó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ní àgbègbè yín. Owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san, inú àpò ìjọba ni kó wọ̀, kí rìsíìtì sì tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu géètì.

Ọmọ yín kò parọ́. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, l'Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ lè gbẹ́ tirẹ̀ láìgba kọngílá. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun tó máa ń ṣáájú. Yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káúńtì, wọ́n á yẹ ilẹ̀ náà wò kí wọ́n tó sọ irú èyí tó bá a mu, kò sì ní da yẹ̀pẹ̀ bò ó títí ẹni tí wọ́n rán á fi wá wo iṣẹ́ náà. Òmìnira tí wọ́n fún un dá lórí ọwọ́ tó máa gbẹ́ ilẹ̀, kò kan ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí. Ọ̀rọ̀ kan náà la ń sọ níhìn-ín. Ilé yín ni ilé yín, ṣùgbọ́n omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣàn kọjá abẹ́ fẹ́ǹsì, kò mọ ibi tí sàféyọ̀ ri òpó sí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe ilé yín gan-an, nítorí ohun tí ẹ ṣàlàyé kò jọ ti sọ́kàwéè tó kéré.

Nǹkan méjì ló wà nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe méjèèjì ní sọ́kàwéè. Táńkì ni àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ni ìgbẹ́ ń wọ̀: èyí tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi tó wà láàárín ló máa ń kọjá. Sọ́kàwéè ni ìkejì, ihò tí omi yẹn ń bọ́ sí kí ilẹ̀ lè mu ún. Bí wọ́n bá fi táńkì sílẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún láìfà á, tàbí tí ògiri tó pín in sí méjì bá ti wó, ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá sínú sọ́kàwéè, á sì di gbogbo ojú ilẹ̀ tó yẹ kó máa mu omi. Bí ẹ bá wá gbẹ́ sọ́kàwéè mẹ́ta sí ẹ̀yìn irú táńkì bẹ́ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dí. Nígbà tí ọkọ̀ tún bá dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá táńkì ni wọ́n ń fà àbí sọ́kàwéè. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fa èyí tó bá kún lójú, wọ́n á sì fi ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú táńkì sílẹ̀.

Ohun kejì tó lè máa fa wàhálà yín ni òjò tí ẹ mẹ́nu bà, òun gan-an ló sì fa ọkàn mi jù. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan tí kò náni lówó. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fà á tán, tí gbogbo ilé ti sùn, tí kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́, ẹ ní kí ọkùnrin kan fi igi gígùn wọn ibi tí omi dé nínú sọ́kàwéè. Kó tún wọ̀n ọ́n ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Kó má tẹ orí bọ ihò náà, kó má sì mú sìgá tàbí àbẹ́là sún mọ́ ọn. Bí omi bá ti gòkè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi, inú ilẹ̀ ló ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń kún sọ́kàwéè yín, owó tí ẹ sì ń san fún ọkọ̀ ń lọ lórí fífa omi òjò Ṣómólú.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn bíríkìlà pé kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn ni ó burú jù. Láti Ṣómólú sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bàrígà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ọ̀sà, omi kò sì jìnnà sójú ilẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ jìn tó ni ẹ ṣe ń wọ inú omi tó. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó kò lè mu òmíràn, bí kànìnkànìn tó ti rin gbingbin. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbẹ́ yín kò ní yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ láti gbà kọjá mọ́ kó tó kan omi, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ yẹn ló sì máa ń sẹ́ kòkòrò àrùn kúrò. Ìlànà tí àwọn àjọ aláàánú àgbáyé ń lò ni pé kí ìsàlẹ̀ ihò ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé lọ, ó kéré tán mítà 1.5, kó sì jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ibi tí omi dé nígbà òjò ni wọ́n ń sọ. Bí bíríkìlà bá gbẹ́ ẹ wò ní oṣù Kejì, yóò bá ilẹ̀ gbígbẹ, á sì ní kò sí wàhálà. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù l'Ékòó, ó sì tún máa ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yẹ ilẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ro ó pé níbo ni mítà 30 fẹ́ wà nínú ọgbà yín. Pulọ́ọ̀tì odindi l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36, ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú sì wà lórí ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, n kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ilé tí wolé-wolé fọwọ́ sí ló pé mítà 30. Ohun tí wolé-wolé tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé bí àyè kò bá tó, kì í gba ihò tí ń mu omi mọ́. Táńkì tí kò jò rárá ló máa ní kí ẹ kọ́.

Ẹ wo kànga aládùúgbò yín. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n ń mu omi rẹ̀, tàbí wọ́n fi ń fọ ẹ̀fọ́ àti àwo. Kódà bí wọn kò bá mu ún, àwọn ọmọdé á fi fọ ẹnu. Ní oṣù Kẹfà 2024, kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó, Etí-Ọ̀sà, Lagos Island àti Kóṣọfẹ́ tó bá yín pààlà sì wà lára ibi tó ti jà. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ni kọ́lẹ́rà máa ń gbà wọlé. Síse omi lè pa kòkòrò yẹn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ń wọ kànga tún máa ń mú kẹ́míkà tó ń jẹ́ náítíréètì wá, síse kò sì lè yọ ìyẹn. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún lè ṣàìsàn débi pé ara rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn tó tó. Torí èyí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Òfin tó ní kí ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ọmọ yẹn ló ń gbèjà. Bí ẹ̀yin náà bá ní kànga tàbí bọ́hòlù, ti àwọn ọmọ ilé yín náà wà níbẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Bí àyẹ̀wò alẹ́ yẹn bá fi hàn pé omi ń ti inú ilẹ̀ wọlé, èmi á ní kí ẹ gbàgbé ihò jíjìn. Ẹ kọ́ táńkì tí kò jò, tó tóbi tó, síwájú ilé níbi tí ọkọ̀ lè dé. Bí wolé-wolé bá gbà pé àyè wà, omi inú rẹ̀ lè ṣàn sí kòtò gbọọrọ tí kò jìn, tí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí ẹ tẹ́ páìpù oníhò sínú rẹ̀, tí ẹ sì fi yanrìn gbé sókè kúrò lára omi. Bí àyè kò bá sí, kí táńkì náà dá dúró, kí ọkọ̀ máa wá fà á lóòrèkóòrè. Owó ọkọ̀ á pọ̀, mi ò ní tàn yín. Kí àwọn ayálégbé mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ pín in.

Lórí bó ṣe tóbi tó, ìṣirò kan wà tí àwọn ẹnjiníà ti ń lò tipẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún táńkì tó ń jẹ́ kí omi kọjá: lítà 180 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi lítà 2,000 kún un. Fún ogún èèyàn, ó di lítà 5,600. Táńkì tí inú rẹ̀ gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 1.3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1.5, á gbà á. Kí yàrá àkọ́kọ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Èyí tó bá dá dúró láìní ibi tí omi ń gbà jáde ní láti tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí gbogbo omi ilé ló máa dúró sínú rẹ̀.

Bíríkìlà lè má mọ èyí tó kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún un. Táńkì tí kò jò máa ń fẹ́ léfòó nínú ilẹ̀ tó kún fún omi. Bí gbogbo àyè tí táńkì gbà nínú ilẹ̀ bá jẹ́ mítà kúbù 10, omi tó yí i ká pátá lè fi agbára tọ́ọ̀nù 10 tì í sókè. Bí ọkọ̀ bá fa inú rẹ̀ gbẹ pátápátá ní oṣù Kẹfà, ó lè gbéra kúrò nílẹ̀, kó já páìpù, kó sì sán. Nítorí náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré tó nípọn, tí wọ́n fi irin sí, tó yọ síta kọjá ògiri kí yẹ̀pẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi kọnkéré di ojú ihò búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì tí omi kì í gbà kọjá rẹ́ inú rẹ̀. Nígbà òjò, kí ẹ ní kí ọkọ̀ má fà á gbẹ tán.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan wà tó lè fún yín ní ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo òrùlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, páìpù òjò láti orí páànù ń wọ sọ́kàwéè. Òjò mílímítà 50 lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, jẹ́ lítà 5,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti kún táńkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gé e kúrò. Ẹ tún yẹ gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, torí táńkì ìfọ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru máa ń fi omi ṣòfò ju ti ẹni tó ń wẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ so páìpù sí gọ́tà òpópónà lóru, ẹ lé e. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àyíká kà á léèwọ̀, ìjọba sì ti ti ilé pa lórí irú rẹ̀ ní Lekki. Ó tún jẹ́ ohun tó ń bí mi nínú jù, torí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló máa fẹsẹ̀ wọ gọ́tà yẹn nígbà tí omi bá kún un.

Nípa sọ́kàwéè àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, ì báà ṣe bíríkìlà, ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ yín. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ń pani láàárín ìṣẹ́jú, ẹni tó bá bẹ́ wọlé láti gbà á là sì sábà máa ń kú tẹ̀lé e. Láti òkè ni kí wọ́n ti fà á gbẹ, kí wọ́n fọ́ ìdérí rẹ̀, kí wọ́n sì fi yanrìn dí i dé ojú ilẹ̀. Ẹ má kàn fi páànù bò ó.

Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Ihò jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò, bó bá sì wó sórí ọgbà ẹlòmíì, ẹ̀yin ló máa san án.

Kí ọjọ́ tó wà nínú ìwé yẹn tó pé, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀, ìwé sàféyọ̀, pláànù àtijọ́ bó bá ṣì wà, àti àwòrán kékeré tí ẹ fọwọ́ yà tó fi ibi tí ilé, táńkì, fẹ́ǹsì àti kànga aládùúgbò wà hàn, pẹ̀lú iye mítà tó wà láàárín wọn. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kí ẹ sì béèrè fún àfikún ọjọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ lọ bá aládùúgbò yín fúnra yín kó tó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Nígbà tí táńkì bá sì délẹ̀, ẹ pe wolé-wolé kó wá wò ó kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wò ó. Ẹ fi ìwé yẹn pamọ́ sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra ilé náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ̀sùn kànga kàn yín, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.